Olùkọ́ Tó Ń Pè É Ní Nne

Bí mo bá gbọ́ “Nne” tí àwọn Ígbò ń pe ọmọbìnrin, olùkọ́ eré ìdárayá ọmọ mi ní Onitsha ni mo máa ń rántí. Ó máa ń lóṣòó bá ọmọdé sọ̀rọ̀ ni.

Ọmọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n bí ní ọkùnrin, àmọ́ tó ní obìnrin lòun. Olùkọ́ yìí nìkan ló ń pè é ní Nne, tó ń jẹ́ kó bá àwọn ọmọbìnrin sáré.

Lọ́jọ́ ìdíje, àwọn òbí fárígá. Ọ̀gá ilé-ìwé ní kí ọmọ náà bá ọkùnrin sáré tàbí kó jókòó. Ó jókòó. Olùkọ́ lóṣòó tì í.

“Àǹtí, kí ni mo ṣe?”

“O ò ṣe nǹkan kan, Nne.”

Ọ̀gá ké sí olùkọ́ pé kó wá fọn fèrè. Ó dìde, ó fọn ún, àwọn ọmọbìnrin yòókù sì sáré lọ.