Lẹ́tà Kan Péré Ló Kù

Ó rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá irú iṣẹ́ ìwádìí tí yunifásítì máa ń fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé. Wọn kì í gba ẹni tí oyè rẹ̀ bá ti lé ní ọdún márùn-ún, tèmi sì ti wọ ọdún karùn-ún báyìí.

Nínú ọkọ̀ trotro láti Alajo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń ṣe tíṣà, fóònù ni mo fi ń wá iṣẹ́ yìí. Mo kọ̀wé títí orúkọ ara mi fi sú mi. Àwọn kan ní rárá, ọ̀pọ̀ ò tilẹ̀ dáhùn.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan yọ níbí ní Accra, lórí àrùn ẹ̀gẹ́, ohun tí mo fi gboyè gan-an. Wọ́n ní kí ọ̀jọ̀gbọ́n méjì kọ lẹ́tà jẹ́rìí mi. Ẹnì kan kọ tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹnì kejì ni bàbá tó tọ́ mi sọ́nà nígbà tí mo ń kàwé, Yorùbá tí wọ́n bí sí Accra bíi tèmi. Mo pè é. Ó ní, "Mo ti gbọ́, ọmọ mi." Mo dúpẹ́, mo gé fóònù.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí gbèdéke pé, lẹ́tà bàbá ò tíì dé. Mo lọ bá màmá mi ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Kaneshie, níbi tó ti ń ta abọ́ àti ìkòkò. Mo ní mo fẹ́ rán bàbá létí.

"Kí ló sọ níjọ́sí?"

"Ó ní òun ti gbọ́."

"Àgbà ní òun ti gbọ́, o tún fẹ́ lọ bi í? Ṣé o fẹ́ pè é lónírọ́ ni? Mi ò kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀ o."

Lóòótọ́, kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mi ò pe bàbá mọ́. Ọjọ́ pé, wọ́n kọ̀wé sí mi pé lẹ́tà mi ò pé, àwọn ò ní lè yẹ̀ mí wò. Mo sunkún nínú balùwẹ̀, mo bọ́jú, mo lọ síbi iṣẹ́.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo pàdé bàbá lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀.

"Kafra, má bínú, ọmọ mi," ó ní. "Ẹni tó bá ń rán mi létí ni mo máa ń kọ̀wé fún, àwọn tó ń bẹ̀ mí pọ̀ jù. Nígbà tí o dákẹ́, mo rò pé o ti ríṣẹ́ níbòmíràn."

Inú bí mi sí i, ó bí mi sí màmá mi, ó wá bí mi sí ara mi jù. Nígbà tí mo ròyìn fún màmá mi, ó gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi ni mo fà á," ó ní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, irú iṣẹ́ náà tún yọ. Kó tó tún yọ lẹ́yìn èyí, ọdún márùn-ún mi á ti pé. Màmá mi ní ìsọ̀ òun ni kí n ti pe bàbá. Mo pè é, mo ṣàlàyé.

"Mo ti gbọ́, ọmọ mi."

Ẹnu mi ti ń lọ síbi "ẹ ṣé, sà" nígbà tí màmá mi di ọwọ́ mi mú. Ó ti kúnlẹ̀ sáàárín àwọn ìkòkò rẹ̀, àfi bíi pé bàbá ń rí i, ó ń mi orí sí mi pé kí n má gé fóònù.

"Ẹ dákun, sà," mo ní. "Ọjọ́ wo lẹ máa kọ ọ́?"