Ìlú Tí Ìyá Àgbà Ní Ká Yà

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ká eyín tán, fọ́tò mẹ́rìnlélógún ló yà mí kúrò lọ́dọ̀ bàbá mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ máa ń ya àádọ́ta fọ́tò kí oúnjẹ tó tutù, ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí àwàdà létí yín. Èmi tó ṣẹlẹ̀ sí gan-an, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò sì tí ì yé mi tán.

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ìjọba ni bàbá mi. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Àbújá, òun wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kó wá. Karu tó wà nítòsí ibẹ̀ là ń gbé, èmi, òun, ìyá mi, àti àbúrò mi obìnrin tí ìyá wa ṣì ń pọ̀n. Ìyá bàbá mi wà nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ Àbújá yìí ò sì yé e rárá. Gbogbo ẹni tó bi pé ibo ló wà, kálukú ló ń nawọ́ sí ibi tó wù ú. Làkúrègbé ò jẹ́ kó lè jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀, ì bá ti wá fojú ara rẹ̀ rí i. Nígbà tí a lọ kí i lọ́dún Kérésì, ó pe bàbá mi jókòó, ó ní, "Ya ìlú náà wá kí n rí i. Tó bá tẹ́ mi lọ́rùn, máa kó àwọn ọmọ mi lọ. Tí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, èyí àgbà yìí á dúró tì mí." Èmi ni èyí àgbà. N kò fẹ́ dúró ti ẹnikẹ́ni o, bàbá mi ni mo fẹ́.

Nígbà tí a padà dé Karu, ẹ̀rù ò jẹ́ n gbádùn. Bàbá mi ní nígbà tó jẹ́ pé èmi lọ̀rọ̀ kàn, èmi náà ni n ó ya fọ́tò ọ̀hún. Ó gbé kámẹ́rà ibiṣẹ́ rẹ̀ kọ́ mi lọ́rùn, fíìmù kan ṣoṣo tó gba fọ́tò mẹ́rìnlélógún ló wà nínú ẹ̀, ó sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yà á níbi iṣẹ́ tiwọn: dúró gbọn-in, má mí, kí o rí i pé kò sí ẹni tó ń kọjá níwájú rẹ kó o tó tẹ̀ ẹ́. Ó ní ilẹ̀ làwọn ń yà, èèyàn máa ń bo ilẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, a wọ Lándírófà. Ẹ gbà mí o, bí orí mi ṣe dàrú lọ́jọ́ náà ò ṣeé fẹnu sọ. Ìlú tí mo mọ̀, ẹ ó kọ́kọ́ rí òrùlé, ẹ ó gbọ́ ariwo, ẹ ó dé gáréèjì, ẹ ó wá rí ọjà níwájú ààfin. Ti ibí yìí, títì gbòòrò bí odò, ẹyẹ ló ń rìn lórí ẹ̀. Òpó iná tò lọ rẹrẹẹrẹ, kò sí ilé tó ń tanná fún. Afárá wà, kò sí omi lábẹ́ ẹ̀. Mo ní, "Bàbá mi, ìlú ọ̀hún dà?" Ó ní, "Inú ẹ̀ la wà yìí." Mo wẹ̀yìn, mo wo iwájú, igbó àti àpáta ni mo rí. Ó wá ń nawọ́: ọjà máa wà níbí, ilé ẹ̀kọ́ máa wà lọ́hùn-ún, ilé iṣẹ́ ìjọba máa dé ìdí àpáta yẹn. Mo ń ya "máa wà", mo ń ya "máa dé". N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni bàbá mi ń sọ, àbí oòrùn ti ń pa á.

Kì í ṣe pé a ò rí èèyàn o. A rí àwọn obìnrin Gwari tí wọ́n gbé igi ìdáná lé èjìká, torí wọn kì í fi orí rù ú. Ọ̀kan nínú wọn rí kámẹ́rà, ó dúró, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi. Mo kí i ní "Sànnu", mo sì fi ọwọ́ júwe fún un pé kó kúrò lójú ọ̀nà. Ojú ẹ̀ yí padà. Àwọn birikìlà tó wà lórí ilé kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ń juwọ́ sí wa, wọ́n ń pariwo, "Kai! Sínápù wa!" Mo dúró títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí iṣẹ́ wọn, tí n kò rí wọn mọ́, kí n tó tẹ̀ ẹ́. Bàbá mi ní mo káre, inú mi sì dùn kọjá bẹ́ẹ̀.

Nígbà ìsinmi Àjíǹde, a kó fọ́tò náà lọ sílé. A ti fọ̀ ọ́, ó dán gbinrin. Ìyá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Á wo iwájú, á yí i padà, á wo ẹ̀yìn. Nígbà tó dé ìdajì, ó gbójú sókè wo bàbá mi. "Ṣé ogun ló jà níbẹ̀ ni?" Bàbá mi rẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín. "Mo ní kí ẹ ya ìlú, ẹ̀ ń kó títì àti òkúta wá fún mi. Àwọn tó ń gbébẹ̀ dà?" Èmi aláìmòye, mo fò síwájú, mo ní wọ́n wà níbẹ̀, èmi ni mo ní kí wọ́n yẹ̀ kúrò kí fọ́tò lè dáa. 

Ẹ ò rí nǹkan? Lẹ́nu Ìyá àgbà, ìlú kì í ṣe ilé. Tó bá ní "ìlú ti gbọ́", tó bá ní "ìlú ò fẹ́ bẹ́ẹ̀", èèyàn ló ń wí. Lẹ́nu wọnlẹ̀wọnlẹ̀, ìlú ni ilẹ̀ tí wọ́n ti wọ̀n. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, èmi ni mo há sáàárín. Ìyá àgbà ní, "Èèyàn laṣọ mi. Bí ibà bá gbé ọmọ yìí dè, òpó iná wo ni ìyá ẹ̀ máa sáré lọ bá?" Ìyá mi kúnlẹ̀, bàbá mi dọ̀bálẹ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní ó tán. Wọ́n lọ, mo dúró. Ó dùn mí dé egungun.

Ọdún mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀. Ìyá àgbà ò fìyà jẹ mí o. Ẹran tó yẹ kó jẹ, èmi ló ń fún. Mo kàn máa ń bínú ṣáá ni, n kò sì mọ ẹni tó yẹ kí n bínú sí: bàbá mi tó kọ́ mi, èmi tí mo gbọ́ràn jù, àbí Ìyá àgbà tó fẹ́ràn mi jù. Nígbà tí Ìyá àgbà wá yọ̀ǹda mi, tí wọ́n mú mi padà sí Karu, àbúrò mi sá sẹ́yìn ìyá wa, ó ń bèèrè pé ta ni bọ̀dá yìí. Bàbá mi bi mí bóyá mo máa ń jẹ ẹ̀wà. Ẹ̀wà ni mo fẹ́ràn jù láyé, òun fúnra ẹ̀ ló máa ń fi í ṣe mí yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Mo sunkún sínú.

Ayé ti yí o. Àdúgbò Jahi tí mo ń gbé lónìí wà lára igbó tí mo yà sínú fíìmù ọjọ́sí. Èèyàn ti kún Àbújá débi pé láti Karu wọ àárín ìlú láàárọ̀, ẹ lè sùn kí ẹ jí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Àwọn ọ̀dọ́ ibí náà wá ń rìnrìn àjò kiri, wọ́n ń fi fóònù ya ìlú onílùú. Ọmọkùnrin mi tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì wà lára wọn. Lóṣù tó kọjá, ó jókòó tì mí, ó ń fi ìlú òyìnbó kan tó lọ wò hàn mí: afárá, títì tó mọ́ tónítóní, ilé tó tò lọ bí eyín. Kò sí ẹ̀dá kan níbẹ̀. Mo ní ṣé wọn kì í jáde ni. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Dádì, wọ́n pọ̀ o. Èmi ni mo fi ìka pa wọ́n rẹ́." Ó fi ìka ra ojú fóònù, obìnrin kan tó ń fa ọmọ lọ́wọ́ sì parẹ́ lójú mi báyìí.

Ìgbà yẹn ló tó sọ ọ́ pé ibẹ̀ ni òun, ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ wọn ń kó lọ, ọmọ ọdún mẹ́ta tó máa ń sùn lé mi láyà. Ó bi mí bóyá ibẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn. Bí mo bá ní kó fi ọmọ sílẹ̀ fún mi, mo mọ ohun tí mò ń ṣe fún ọmọ náà. Bí mo bá ní kí wọ́n máa mú un lọ, ta ni wọ́n ń mú un lọ bá? N kò mọ èwo ni ṣíṣe. Mo kàn gbàdúrà fún wọn, mo ní nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kó bá mi wá orúkọ àti nọ́ńbà ẹnì kan ládùúgbò tí wọ́n ń lọ, ẹnì kan péré tí mo lè pè. Ó ní ìyẹn ò le, bí wọ́n bá ti débẹ̀ báyìí, òun á fi ránṣẹ́.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ti débẹ̀. Fọ́tò mẹ́tàdínlógún ló ti fi ránṣẹ́ sí mi. Nọ́ńbà ni mò ń retí.