Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìwà Ẹ̀dá àti Ògiri Rẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ ẹ̀dá fi ń ṣe ohun tó ń ṣe, ẹ má bi Baba Qonitah. Yóò dá yín lóhùn, ìyẹn gan-an sì ni ìyọnu rẹ̀. Abdulganiyy Adéríbigbé lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ òwú kan títí ilé-iṣẹ́ náà fi kógbá sílé, ó sì kọ́lé sí Ìkòtún, ní ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ. Ìṣojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe.

Lọ́dún 2009, àwọn kan wá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá lórí ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá. Ọjọ́ méjì péré ni. Wọ́n fún wọn ní bísíkíìtì àti ìwé ẹ̀rí. Baba Qonitah jẹ bísíkíìtì, ó gbé ìwé ẹ̀rí kọ́ sí pálọ̀, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n. Láti ìgbà náà, èèyàn kò lè sín ládùúgbò wa kó má ṣàlàyé ohun tó fà á. Bí oníbàárà bá bú mi pé aṣọ òun há jù, yóò sọdá títì wá sọ fún mi pé ìbẹ̀rù ló ń ṣe obìnrin náà. Ìbẹ̀rù kẹ̀? Sísanra ló sanra.

"Ìyá Fawas," a máa wí fún mi, "nǹkan méjì ló ń darí èèyàn: ìtìjú àti ìbẹ̀rù. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ìyẹn, ẹ ti mọ gbogbo ayé tán."

"Ẹ ṣeun, Baba," ni mo máa ń wí, tí màá sì tẹ máṣíìnì mi lọ.

Qonitah, àkọ́bí rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá nígbà náà. Ọmọ tó mọ Kùránì ni, tó sì ní sùúrù ju bàbá rẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ láyé ni ilé-kéwú tirẹ̀. Bàbá fún un ní ẹ̀gbẹ́ ilé, lẹ́yìn ògiri ọgbà tó kọjú sí títì. Ó fi páànù bo ibẹ̀, ó tẹ́ ẹní, àwọn òbí sì ń mú ọmọ wá. Fawas tèmi wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ọmọbìnrin náà, n kò ní fi pa mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ọlọ́kadà kan tó ti mutí yó tọ̀ sára ògiri náà. Ẹyọ ọlọ́kadà kan. Ẹlòmíràn ì bá da omi sí i kó gbàgbé. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa lọ gbé ọ̀dà pupa, ó kọ ọ́ gàdàgbà: Ẹ MÁ TỌ̀ SÍBÍ MỌ́.

Ẹ wo "mọ́" yẹn dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá, kí ni "mọ́" ń sọ? Ó ń sọ pé wọ́n ti ń tọ̀ síbẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ láti Ìgàndó, tí kò mọ̀ rárá pé ibẹ̀ ṣeé tọ̀ sí, ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ti fi ọ̀nà hàn án. Àwọn ọkùnrin wa náà sì rèé, wọn kì í fi orí ara wọn ronú tó bá ti dọ̀rọ̀ ìtọ̀: ibi tẹ́nì kan bá ti tọ̀ ni gbogbo wọn ń wá. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti ń dúró de ara wọn níbẹ̀.

Mo ní, "Baba Qonitah, ẹ dákun, ẹ pa 'mọ́' yẹn rẹ́. Òun ló ń pè wọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Fawas, abẹ́rẹ́ lẹ mọ̀ jàre. Ìtìjú ni wọn ò tíì ní."

Ó bá fi kún un: AJÁ NÌKAN LÓ Ń TỌ̀ SÍBÍ. Kọ́ńdọ́ ọkọ̀ kan kà á sókè, ó gbó bí ajá lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tú ṣòkòtò.

Ìtìjú kùnà, ó kan ìbẹ̀rù: GBOGBO Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ń TỌ̀ SÍBÍ LÓJOOJÚMỌ́, ỌLỌ́RUN Ń WÒ YÍN. Gbogbo ẹ̀yin! Lójoojúmọ́! Ó kù kó kọ wákàtí tí wọ́n ń ṣí i àti èyí tí wọ́n ń tì í. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n èrò kan tó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, wọ́n á ní kó lọ síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Òórùn náà wọ abẹ́ páànù. Sàúdátù, ìyá Rashidat, ló kọ́kọ́ mú ọmọ rẹ̀ kúrò. "Àǹtí Qonitah, ẹ má bínú," ó ní. "Ibi tó kún fún nájísì báyìí, báwo lọmọ ṣe máa gbé Kùránì dání níbẹ̀?" Àràárọ̀ ni Qonitah ń fi ọṣẹ fọ ilẹ̀, títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Àwọn ọmọ ń dín kù. Ó ń bẹ bàbá rẹ̀ pé kó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, bàbá rẹ̀ sì ń ṣàlàyé fún un ìdí tí àwọn òbí fi ń mú ọmọ lọ. Inú bí mi débi pé mo rán apá ẹ̀wù kan pọ̀ mọ́ ọrùn.

Nígbà tó yá, Baba Qonitah lọ ṣe àdúrà fìdáù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Bó ṣe jáde ni Mọ̀dínátù, ìyàwó rẹ̀, gbé ọ̀dà funfun, òun àti Qonitah kun ògiri náà látòkè délẹ̀. Wọn kò kọ nǹkan kan sí i. Àwọn tí ibẹ̀ ti mọ́ lára ṣì wá. Wọ́n á dúró, wọ́n á wo ògiri funfun náà, wọ́n á wo ọ̀tún wo òsì bí ẹni tó ṣìnà, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ilẹ̀ gbẹ. Rashidat padà wá. Mo tún ń gbọ́ kéwú àwọn ọmọ láti ìdí máṣíìnì mi.

Baba Qonitah dé, ó fa imú, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i? Ìbẹ̀rù Ọlọ́run ti wọ̀ wọ́n lára!"

"A kun ún ni, Baba Qonitah," ni Mọ̀dínátù wí.

"Ọ̀dà kì í yí ọkàn padà, Mọ̀dínátù. Wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó bá ṣe dáadáa, ká yìn ín, kó lè máa ṣe é lọ."

Mo rí i tó gbé búrọ́ọ̀ṣì. Mo pariwo, "Baba, ẹ fi í sílẹ̀ ṣá!" Kò wẹ̀yìn. Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀: Ẹ ṢEUN TÍ Ẹ KÒ TỌ̀ SÍBÍ MỌ́.

Kí oòrùn tó wọ̀, ọkùnrin kan ti dúró níwájú ọpẹ́ náà. Ó kà á tán, ó sì dá a lóhùn.

Qonitah kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìdílé onílẹ̀ kan ní Ìgàndó yọ̀ǹda yàrá fún un, ó ní ibẹ̀ lòun yóò máa kọ́ àwọn ọmọ, ibẹ̀ náà lòun yóò sì máa sùn. Ó kó ẹní àti wàláà sínú kẹ̀kẹ́, ó wá kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀ kó ṣàdúrà fún òun.

Èmi ni bàbá kọjú sí. "Ìyá Fawas, ṣé ẹ rí i? Ohun tó ń lé àwọn ọ̀dọ́ kúrò nílé ni ẹgbẹ́. Wọ́n kọ́ wa dáadáa. Ẹgbẹ́ ló ń tì wọ́n." Ó ń sọ ọ́ lọ, kò wo ọmọ tó wà nílẹ̀. Mo fi ojú júwe Qonitah fún un, kò tiẹ̀ rí mi.

Qonitah wà lórí ìkúnlẹ̀ títí. Nígbà tí kò gbọ́ àdúrà kankan, ó ní, "Àmín, Bàbá mi," ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó sì wọ kẹ̀kẹ́.