Ojú Tí Mo Yá Baba Mi Lórí Alùpùpù

Nígbà tí mo kéré débi pé ẹsẹ̀ mi méjèèjì kò lè kan ilẹ̀ tí wọ́n bá gbé mi sórí alùpùpù, ibi tí mo máa ń jókòó sí kì í ṣe ẹ̀yìn baba mi bíi ti àwọn ọmọ yòókù. Iwájú ni, lórí táǹkì, níbi tí irin ti máa ń gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sí àwọn abúlé Odometa àti Idigny lẹ́bàá Kétu, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ mọ bó ṣe máa ń jó ni nítan lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, tí èèyàn á sì tún máa rẹ́rìn-ín kí àwọn ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn lè jowú dáadáa.

Alùpùpù baba mi nìkan ló wà ní agbo ilé wa. Pupa ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, kí erùpẹ̀ Kétu tó fi pupa tirẹ̀ kùn ún. Láàárọ̀, tí mo bá ti pọnmi tán, èmi ni mo máa ń fi àkísà nù ún, tí màá sì da ẹ̀sáǹsì, epo tó ń mu, láti inú ìgò sí i. Òórùn ẹ̀sáǹsì yẹn á wá bá mi jókòó ti ẹ̀kọ àti àkàrà. Ìyá mi á ní kí n lọ fọwọ́, màá fọ̀ ọ́, òórùn náà ò ní lọ. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ òórùn ẹ̀sáǹsì lẹ́bàá ọ̀nà, àkàrà ló máa ń wù mí jẹ.

Lọ́jọ́ ọjà Kétu, baba mi á di àgbàdo ìyá mi mọ́ ẹ̀yìn, á gbé mi síwájú, a ó sì gbéra. Tí a bá ti kúrò lábúlé díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀.

"Àjàní, kí ni mò ń rí níwájú yẹn?"

"Ewúrẹ́ ni, Baba."

"Mo ti rí i tẹ́lẹ̀."

"Baba, kòtò wà lápá òsì."

"Mo ti rí i tẹ́lẹ̀. Ojú tìrẹ ni mò ń dán wò."

Eré ni mo pè é, mo sì fẹ́ràn eré náà ju òkòtó lọ. Màá máa pariwo ohun gbogbo tó wà lójú ọ̀nà: adìyẹ, ìyá arúgbó, gbòǹgbò igi, ẹrẹ̀, ọmọ tó ń ṣu lẹ́bàá ọ̀nà. Baba mi ti rí gbogbo wọn tẹ́lẹ̀. Èmi ní tèmi, mo ti gbà pé èmi ni ààyò ọmọ, àní pé baba mi ò lè dá lọ sọ́jà kó má ṣe àárò mi.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ nínú ni olùkọ́ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Mẹ́tìrì. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó máa ń fi awò sójú. Ní ọjọ́ kejì ọjà tí mo pa ilé ẹ̀kọ́ jẹ, á fa awò náà wálẹ̀ sí imú, á fi ojú wò mí lókè rẹ̀, á ní, "Àjàní, Kétu náà tún ni?" Màá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mẹ́tìrì." Á ní kí n kúnlẹ̀ kí n gbé ọwọ́ sókè. Níbi tí mo ti kúnlẹ̀ yẹn, mo máa ń wo awò ojú rẹ̀ bó ṣe ń dán. Lójú tiwa nígbà náà, irinṣẹ́ olùkọ́ ni, bíi ṣọ́ọ̀kì, bíi pàṣán. Tí wọ́n bá fi èèyàn jẹ olùkọ́, a rò pé wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà ni. Bí mo ṣe ń kúnlẹ̀ kiri nìyẹn tí mo fi kúrò nílé ẹ̀kọ́ ní kíláàsì kẹta, ìwé tí ẹ sì ń kà yìí, ìwọ̀nba tó kù sí mi lọ́wọ́ nìyí.

Ṣùgbọ́n kí ni baba mi ń ṣe tó fi gbé mi síwájú? Ní ọdún tó ṣáájú, ó ti wa alùpùpù wọ inú ebè iṣu olóko kan. Òun àti ìyá mi ni wọ́n jọ ṣubú, apá ìyá mi sì yẹ̀. Baba mi ní ewúrẹ́ ló já lu òun. Gbogbo wa wá ewúrẹ́ náà títí, a ò rí i. Nígbà tí wọ́n ń di apá rẹ̀, ìyá mi sọ̀rọ̀ lójú gbogbo agbo ilé:

"Baba Àjàní, ẹ gbọ́ o. Tí ẹ bá tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i péré, àbúrò yín ló ni alùpùpù yìí. Mi ò ní torí ẹ̀rọ di opó."

Lábúlé wa, tí wọ́n bá gba alùpùpù lọ́wọ́ ọkùnrin, ó dà bíi pé wọ́n bọ́ ṣòkòtò rẹ̀ lọ́jà. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ló ti ń gbé mi jókòó sórí táǹkì.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú èèyàn tó gbé síwájú. Ojo ni mí. Tí a bá ń ṣe bojúbojú, mi ò lè di ojú títí wọ́n á fi sá pamọ́, torí mo gbà pé nǹkan kan á wá gbé mi nínú òkùnkùn náà. Àwọn ọmọ lé mi kúrò nínú eré nítorí èyí. Ṣùgbọ́n tí ààrá bá sán báyìí, ojú kan náà tí kò ṣeé dì á di ara rẹ̀, kò ní gba àṣẹ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ kan, a ń bọ̀ láti ọjà. Iyọ̀, ẹja gbígbẹ àti abọ́ ńlá kan tí ìyá mi rán wa ló wà lẹ́yìn. Ojú ọ̀run ṣú gùdẹ̀. Atẹ́gùn gbé erùpẹ̀ pupa sókè, ó ń tẹ àwọn igi tíìkì lórí ba. Àwọn obìnrin tó wà lábẹ́ àtíbàbà lẹ́bàá ọ̀nà ń ju ọwọ́ sí wa: "Ẹ yà síbí o! Ẹ gbé ọmọ yẹn wá!" Baba mi ju ọwọ́ padà bí ẹni pé wọ́n kàn kí i ni. Ó so rọ́bà tí a fi ń bo òjò mọ́ mi lọ́rùn, ó ní, "A ó délé kó tó rọ̀."

A ò tíì kọjá igi tíìkì tán tó fi rọ̀. Òjò náà ń nà mí lójú bíi pé mo jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ọ̀nà ti di odò.

"Kí ni mò ń rí, Àjàní?"

"Omi ni, Baba!"

"Mo ti rí i tẹ́lẹ̀!"

Bẹ́ẹ̀ ni ààrá sán. Kì í ṣe pé ó jìnnà o. Lórí mi gan-an ló sán. Mo fi orí pamọ́ sínú rọ́bà, ó di kí n máa ka orúkọ gbogbo ẹbí mi láti fi dágbére.

"Àjàní, òsì ni àbí ọ̀tún?"

Orúkọ ẹbí ni mò ń kà lọ.

"Àjàní!"

Ó rọra dúró. Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ sínú omi. "Ṣé o dijú ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ibi igi tíìkì."

Ẹ̀rín gbé e, ó rẹ́rìn-ín títí alùpùpù fi ń mì lábẹ́ mi. "Ibi igi tíìkì! Ta ló wá ń wo ọ̀nà fún wa bọ̀ láti ibẹ̀?"

Mo ṣíjú, mo yí padà wò ó. Ó ń fún ojú pọ̀, ó ń wá mi nínú òjò bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kì í ṣe eré.

"Baba, ẹ ò ríran?"

"Mò ń rí ohun tó bá súnmọ́ mi. Èyí tó bá ti jìnnà ló ti di èéfín. Tí òjò bá wá rọ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń di èéfín." Ó nu ojú. "Sọ̀ kalẹ̀. Kí a máa tì í lọ."

A tì í délé. Ẹrẹ̀ gba bàtà mi kan, kò dá a padà títí di òní. Baba mi ò sọ pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń mí gúlegúle lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ìyá mi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Orúnkún wa ló kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ méjèèjì alùpùpù náà, ó ń wá ibi tó bó.

"Ẹ ṣubú."

"A ò ṣubú," ni baba mi wí.

"Kí ló dé tí ẹ ń tì í? Ẹ̀sáǹsì tán?"

Gbogbo agbo ilé ti yọjú. Baba mi ń wo ilẹ̀, omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Mo wo alùpùpù, mo wo baba mi.

"Èmi ni, Ìyá," ni mo wí. "Ààrá ló bà mí lẹ́rù. Mo dijú, mo sì sunkún pé kí Baba gbé mi sọ̀ kalẹ̀."

Ẹ̀rín bú jáde. "Ọkùnrin ogun!" "Adìjú! Ẹ bá wa kí Adìjú o!" Baba mi náà bá wọn rín in, tirẹ̀ ló sì le jù. Lálẹ́, nígbà tí a ń jẹun, ó mú orí ẹja inú abọ́ tirẹ̀, ó fi sínú tèmi. Orí ẹja kì í kúrò nínú abọ́ baba mi tẹ́lẹ̀.

Orúkọ yẹn mọ́ mi lára. Adìjú ni wọ́n ń pè mí di òní, àwọn ọmọ tí kò mọ ìdí rẹ̀ náà ń pè mí bẹ́ẹ̀. Alùpùpù ò sì kúrò nílé wa ní ọdún yẹn. Kí òjò ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀ ni baba mi fúnra rẹ̀ fà á lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ìyá mi ò bi í léèrè ẹsẹ̀ wo. Láti ìgbà náà, abẹ́ igi máńgòrò ni baba mi máa ń jókòó sí.

"Àjàní, ta ló ń kọjá yẹn?"

"Mẹ́tìrì ni, Baba."

"Mo ti rí i tẹ́lẹ̀. Mẹ́tìrì, ẹ káàsán o! Kí ni ẹ tún ń fi dígí yẹn wò?"

Mẹ́tìrì yà sọ́dọ̀ wa. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nà án sí i. "Ẹ gbé e sójú wò, Baba."

Baba mi ta ọwọ́ nù. "Èmi? Kí ni mo fẹ́ kà?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in. Mẹ́tìrì dá awò padà sójú, ó lọ. Ó kù díẹ̀ kí awò náà kan baba mi lọ́wọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ó kù díẹ̀ báyìí.

Nígbà tí ojú tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, wọ́n ti sin baba mi tipẹ́. Ọmọdékùnrin kan ló kó awò ojú rọ̀ sára pátákó lọ́jà Kétu. Mo bi í bóyá ti àwọn tó ń kàwé ni. Ó wò mí, ó ní, "Baba, ti ẹni tó bá ṣáà ti lójú ni." Mo gbé ọ̀kan sójú. Mo rí ewé orí igi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí eyín obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín lódìkejì ọjà. Mo dúró síbẹ̀ títí ọmọ náà fi bi mí bóyá erùpẹ̀ ló wọ̀ mí lójú. Mo ní erùpẹ̀ ni.

Nígbà tiwa, alùpùpù kan ló wà ní agbo ilé, ojú èèyàn méjì ló sì ń wo ọ̀nà fún un. Lóde òní, ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n ti ní tirẹ̀, ọ̀dà ti wà lórí àwọn ọ̀nà kan, akoto wà lórí ẹni tó ń wà á, awò ojú sì kún ọjà. Kò sẹ́ni tó ń ju ọwọ́ sí ni mọ́ pé kí a yà sábẹ́ àtíbàbà. Ní ọjọ́ tó kọjá, Ráfíù, ọmọ àbúrò mi tó ń pè mí ní Tọ́ntọ́n, ló gbé mi bọ̀ láti Kétu, tí òjò ká wa mọ́ ọ̀nà. Mo bọ́ awò mi sápò kó má baà jábọ́, mo di ọmọ náà mú níkùn, ààrá sì sán.

"Tọ́ntọ́n," ni ó pariwo, "kòtò ńlá ń bọ̀ níwájú o! Ṣé ẹ rí i?"

Mo ti dijú láti ibi igi tíìkì.

"Mo ti rí i tẹ́lẹ̀," ni mo dá a lóhùn.