Ẹni Tó Di Ìyá Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Mú

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, ẹ tètè pè mí, kí n lè ráyè sọ̀rọ̀ mi. Ojú mi ló ṣe. Ọ̀sán gangan ni, mi ò tòògbé, mi ò sì mutí.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kan ní Oǹdó. Láti Ọ̀bà-Ilé ni mo ti ń wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ara tètè máa ń fu mí. Bí ẹ bá fún mi lómi mu, màá kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ ná.

Wọ́n gbé Ìyá Dúpẹ́ wá láti Bọ́lọ́rundúró. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan wú nínú orí rẹ̀. Bó bá fi bẹ́, ó parí nìyẹn. Dókítà fẹ́ ya àwòrán rẹ̀. Láti yà á, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan la máa ń tì gba ọrùn-ọwọ́ wọlé títí dé ọ̀nà orí, aláìsàn ò sì ní sùn. Àmọ́ ojo ni iṣan ọwọ́. Bí ọwọ́ bá tutù, tàbí tí àyà aláìsàn bá ń já, á sún kì, á fún rọ́bà náà pinpin. Bí èèyàn bá wá fi agídí fà á, ó lè ya. Iṣẹ́ tèmi ni kí n mú ọwọ́ yẹn gbóná, kí n máa fi ọ̀rọ̀ tu aláìsàn lára.

Mo fi táwẹ́ẹ̀lì gbígbóná wé ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo tú u, ó tutù bí omi àmù. Ẹ gbà mí gbọ́.

Mo fura sí ẹ́síì, mo pa á. Mo fura sí oògùn tó ń dẹ iṣan, mo tún ìgò rẹ̀ yẹ̀ wò, kò sí aburú kankan lára rẹ̀. Mo tiẹ̀ fura sí dókítà, ẹ má sọ fún un o. Rọ́bà ti dé ìgbọ̀nwọ́, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fà á," dókítà sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Òógùn ti bò ó.

Mo tẹ̀ sí etí Ìyá Dúpẹ́. "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ dẹ ọwọ́ yín sílẹ̀."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ dẹ̀ ẹ́? Ìyá ọkọ mi ló dì í mú. Ṣé kí n já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ àgbà ni?"

"Ìyá ọkọ yín dà?"

"Ẹ̀yìn ilé la sin wọ́n sí."

Mo wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún. Kò sẹ́nì kankan. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a fi bo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti jin wọnú, ojú ìka sì hàn lára rẹ̀ kedere.

Ẹ̀rù bà mí débi pé mo fẹ́ ké. Ṣùgbọ́n rọ́bà ṣì wà nínú iṣan ọmọ ọlọ́mọ, ibo ni mo fẹ́ sá lọ? Bí àgbà bá di èèyàn mú, ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀. Dókítà rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀." Ibẹ̀ ló yẹ kí n dákẹ́ sí. Àmọ́ bí a ṣe máa ń gba ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ àgbà tó ń nà án, mo na ọwọ́ ọ̀tún mi sí i. "Ẹ di tèmi mú dípò tirẹ̀."

Aṣọ náà rọra gbéra sókè. Kò pẹ́ tí ọwọ́ Ìyá Dúpẹ́ fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, rọ́bà sì yọ̀ geere lọ. Wọ́n rí iṣan tó wú lórí náà, wọ́n tún un ṣe. Ìyá Dúpẹ́ ti padà sóko rẹ̀ báyìí, ara rẹ̀ sì le. Inú mi dùn sí i, mi ò purọ́.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń tutù. Mo ń rì í sínú omi gbígbóná, pàbó ni.

Lánàá, nínú ọkọ̀ Àkúrẹ́, èmi nìkan ni mo wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Obìnrin kan fẹ́ wọlé, ó wo apá ọ̀tún mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún màmá yín kí wọ́n sún díẹ̀."

Ẹ máa bẹ àgbà o, ẹ kúnlẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń bẹ ẹni tí ẹ ò rí, ẹ káwọ́ yín sẹ́yìn.