Mo Ní Kó O Kọ Ọ́, Mi Ò Ní Kó O Tú U

Ká má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, owú ló ń jẹ aránṣọ yìí. Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Èyí lẹ́ran láyà dáadáa ní tiẹ̀, inú ni owú ti ń jẹ ẹ́. Ẹni tí owú rẹ̀ sì ń jẹ ẹ́ kì í ṣe orogún, kì í ṣe aládùúgbò. Àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ ìyá rẹ̀ tó fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ pọ̀n dàgbà, tí gbogbo ilé ń pè ní Àbíkẹ́yìn.

Nígbà tí aránṣọ wà lọ́dọ̀ọ́, Olóhùn ni wọ́n ń pè é. Ó ń ránṣọ lọ́jọ́ iṣẹ́, ó ń kọrin pẹ̀lú àwọn onífèrè lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n sì gba orin kan tó ronú kọ fúnra rẹ̀ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Orin obìnrin tó dúró lójú fèrèsé de ẹni tí kò wá ni: "Mo rí gbogbo ẹni tó ń kọjá, mi ò rí ọ." Orin ìbànújẹ́ ni, ṣùgbọ́n olórí onífèrè ní ijó làwọn èèyàn fẹ́, ló bá mú un yára, fèrè ń han gooro. Lẹ́yìn náà ni aránṣọ bímọ, ó fi orin sílẹ̀, ó gbájú mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

Àwọn ẹlòmíì ò yéé kọ orin náà. Níbi ìgbéyàwó, nílé iṣẹ́, wọ́n á kọ ọ́ bó ṣe wà látòkè délẹ̀, fèrè níbi tí fèrè wà, ègbè níbi tí ègbè wà. Kò bí i nínú rí. Ó ní bí ìgbà téèyàn yá aṣọ òun wọ̀ ni. Bó bá bọ́ ọ tán, aṣọ òun náà ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Àbíkẹ́yìn, tó ti di olórin gidi báyìí, pè é lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n kọ orin yín," kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Kọ ọ́ jàre, ṣebí ìwọ lo gbè é fún mi nígbà náà lọ́hùn-ún."

Àfi bí orin ṣe jáde lórí rédíò. Fèrè dà? Kò sí fèrè. Gìtá kan ṣoṣo ló ń rìn jẹ́jẹ́. Ọmọ náà gbé ìlà tó gbẹ̀yìn wá síwájú, ó yọ odidi ẹsẹ kan dànù, nígbà tó sì dé ẹsẹ kejì, ó kọ "Mo rí gbogbo ẹni tó ń kọjá," ó dákẹ́ lójijì, kó tó wá fi ohùn kékeré sọ pé, "mi ò rí ọ." Iṣẹ́ tí aránṣọ ń ṣe sáṣọ oníbàárà lójoojúmọ́ ni wọ́n ṣe sórin rẹ̀: wọ́n tú ojú rírán, wọ́n tún un gé, wọ́n tún un rán. Ó mọ iṣẹ́ náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó sì mọ̀ pé bí wọ́n bá tún aṣọ rán tán, kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó kọ́kọ́ rán an.

Ó pe àbúrò rẹ̀. "Mo ní kó o kọ ọ́, mi ò ní kó o tú u."

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá kàn kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣebí tiyín ti wà nílẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ fi tèmi ṣe?"

"Kí wọ́n fi rántí tèmi." Ó sì pa fóònù.

Láti ọjọ́ náà, kò síbi tó yíjú sí tí orin ọ̀hún ò sí. Alágbàfọ̀ òdìkejì ń fi í lọ aṣọ. Tíṣà kan gbé gáwùn wá pé kó bá òun tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí i, òun náà dúró síwájú dígí, ó ń fi imú kọ ọ́.

Aránṣọ ní, "Ẹ mọ ẹni tó ni orin yẹn?"

"Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Olóhùn yẹn ni."

Orúkọ pàápàá ti lọ sọ́dọ̀ Àbíkẹ́yìn. Dípò kí aránṣọ tú gáwùn náà sí i, ńṣe ló fún un pọ̀, tíṣà sì dá a padà.

Ọkọ rẹ̀ tó ń tún omi ẹ̀rọ ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyàwó mi, àbí o ò fẹ́ kọ́mọ ìyá rẹ jù ọ́ lọ ni?"

"Kó jù mí lọ, kó fi orin tiẹ̀ jù mí lọ."

Ìgbà tó yá, Àbíkẹ́yìn tún pè. Àwọn tó ń ṣètò àríyá orin fẹ́ gbọ́ orin méjèèjì, tàtijọ́ àti tuntun, nínú gbọ̀ngàn kan. "Ẹ kọ́kọ́ kọ tiyín bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kí n kọ tèmi tẹ̀ lé e." Aránṣọ gbà kíá, kì í sì í ṣe ìfẹ́ ló mú un gbà. Ó fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ògidì, kí wọ́n wá máa wo Àbíkẹ́yìn bí ẹni tó wọ aṣọ aláṣọ. Bí wọn ò bá mọ̀ lọ́jọ́ náà pé òun ló ni orin, a jẹ́ pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ òun pátápátá.

Ọjọ́ pé. Fèrè ké, aránṣọ gbé e, ohùn ò tíì kú. Ẹsẹ kìíní lọ geere, àwọn tó ti dàgbà ń mi èjìká lórí ìjókòó. Ó bọ́ sí ẹsẹ kejì. "Mo rí gbogbo ẹni tó ń kọjá." Ẹnu rẹ̀ bá dákẹ́. Kì í ṣe pé ó gbàgbé ọ̀rọ̀. Ẹnu ló dúró fúnra rẹ̀, níbi tí Àbíkẹ́yìn máa ń dúró sí gan-an. Àwọn onífèrè sáré kọjá, wọ́n fi í sílẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn sì fi ohùn kékeré bá a gbà á: "mi ò rí ọ." Jẹ́jẹ́ ló fi parí ìyókù.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ o. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, obìnrin kan di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mà, ẹ kọ orin Olóhùn dáadáa. Ó jọ tiẹ̀ gan-an."

Ó ní, "Ẹ ṣeun."

Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó jókòó ti àwọn àpótí onífèrè. Àbíkẹ́yìn wá bá a níbẹ̀.

Aránṣọ ní, "Mò ń jowú rẹ, mi ò ní purọ́. O gba orin, o gba orúkọ, o tún wá gba ẹnu mi. Ibi tó o fi dídákẹ́ sí lẹ́nu mi ń dúró."

"Ẹsẹ kejì? Ẹ̀gbọ́n mi, èmi kọ́ ni mo fi í síbẹ̀. Ẹ̀yin ni."

"Èmi bí i ti báwo?"

"Nínú rẹ́kọ́ọ̀dù ni wọ́n ti sáré kọjá ibẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ ti kọ́ mi ní tèmi, èmi lórí àpótí, ẹ̀yin lórí aṣọ. Bẹ́ ẹ bá ti kọ 'tó ń kọjá', ẹ máa ń tẹrí ba, ẹ ó fi eyín já òwú, kẹ́ ẹ tó parí rẹ̀. Bí orin ṣe rí nìyẹn létí mi. Òun ni mo tún ṣe."

Wọ́n pe Àbíkẹ́yìn síta. Gìtá bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí orin dé ibi tí wọ́n ń wí yìí, tí gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́, eyín aránṣọ pàdé nínú òkùnkùn ibẹ̀ bí ẹni tó ń já nǹkan. Owú ò kúrò nínú rẹ̀ o. Ó kàn yí ìjókòó padà ni. Ohun tó ń jowú báyìí ni pé ọmọ kékeré orí àpótí ló bá òun pa orin mọ́, òun tóun ni ín sì ti gbé e fún àwọn onífèrè.

Àbíkẹ́yìn dé ibi ègbè, kò sí elégbè kankan lẹ́yìn rẹ̀. Aránṣọ la ẹnu níbi tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó gbè é fún un.