Ìjà Bàtà ní Ilé Iṣẹ́ Gàrí

Ọdún tí epo bẹntiróòlù gbówó lórí débi pé ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa fi ń rìn láti Lálúpọn lọ síbi iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Èmi ni alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ gàrí kan tó wà lẹ́yìn ìlú nígbà náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹgbẹ́ máa ń bi mí léèrè ìjà tí n kò lè gbàgbé. Ẹ máa ń retí kí n sọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti tajútajú. Ẹ fọkàn balẹ̀, ìjà bàtà ni.

Inú omi là ń ṣiṣẹ́. Omi tó ń ro lára ẹ̀gẹ́ tí a fún máa ń mú kí ilẹ̀ yọ̀ bí ẹni da ọṣẹ sí i, agbada tí a fi ń yan gàrí sì ń gbóná lápá kejì. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ fi gba Ìyáàfin Morẹ́nikẹ́ láti Ìbàdàn pé kó wá máa bójú tó ààbò wa. Ó kó bàtà rọ́bà gígùn wá fún gbogbo wa, ó sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dé ìdí agbada láìwọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí táwọn obìnrin fi sọ ọ́ ní Madam Bàtà.

Kí n má parọ́ fún yín, a ò fẹ́ràn rẹ̀. Ta ni yóò fẹ́ràn ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ èèyàn kó tó wo ojú rẹ̀? Amí mánéjà la pè é. Tó bá ti ń bọ̀ pẹ̀lú fìlà ike funfun rẹ̀, kálukú á panu mọ́. A gbà pé irú wọn kì í wá sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ àfi tí wọ́n bá ń wá ẹni tí wọ́n máa fi sùn.

Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wa. Tí ìrun àìlà bá tó, a ó bọ́ bàtà, a ó ṣe àlùwàlá, a ó kírun, a ó sì sáré fi nǹkan sẹ́nu. Ìsinmi ọ̀sán yẹn kò sì tó nǹkan. Ẹni tó bá ti ki ẹsẹ̀ tútù bọ bàtà rọ́bà rí á mọ ohun tí mò ń sọ: kò ní tètè wọlé, tó bá sì wọlé, ẹsẹ̀ á máa yún títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ lásán làwọn obìnrin fi ń padà sídìí agbada. Madam Bàtà ò bi wọ́n léèrè ìdí, ó kàn ń lé wọn padà sílé ni.

Orí Ìyá Sàúdátù ni ọ̀rọ̀ náà wá já lé. Opó ni, gàrí yíyan ló fi ń tọ́mọ, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ń múra ìdánwò àṣejáde lọ́wọ́. Wọ́n ti lé e padà sílé lemọ́lemọ́, lọ́jọ́ kan mánéjà ní kó má wá mọ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, a ti géètì pa, a jókòó síta. A ní kí Ìyá Sàúdátù padà sẹ́nu iṣẹ́, kí Madam Bàtà sì máa lọ.

Mánéjà ò yọjú. Madam Bàtà fúnra rẹ̀ ló jáde wá bá wa, wọ́n sì hó lé e lórí. Mo ní kí wọ́n dákẹ́, kó lè gbọ́ ohun tó ń dùn wá.

Ó yíjú sí Ìyá Sàúdátù. "Mà, ẹ máa ń wọ bàtà láàárọ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ kì í wọ̀ ọ́ lẹ́yìn ìsinmi?"

"Mo ṣe àlùwàlá, ẹsẹ̀ mi tutù. Kó tó gbẹ, ẹ ti lu aago. Ṣé kí n pa ìrun jẹ ni, àbí kí n febi ṣiṣẹ́? Ẹ̀yin náà lẹ gé ìsinmi wa kúrú."

"Èmi kọ́ ni mo gé e, mà."

"Ẹ̀yin kọ́, àmọ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń lé wa."

Madam Bàtà ṣí fìlà ike rẹ̀. Ojú tì í, mo rí i. Ó ní, "Mo rò pé oríkunkun ni. Ẹ má bínú, mà." Ló bá wọlé lọ bá mánéjà.

Fèrèsé ọ́fíìsì ṣí sílẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n sọ là ń gbọ́. Ó ní kí wọ́n fi kún ìsinmi wa, kí wọ́n sì ṣe ibi tí a ó ti máa nu ẹsẹ̀.

"Ta ló gbà ẹ́ síṣẹ́," ni mánéjà wí, "èmi àbí àwọn yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Àmọ́ torí ẹsẹ̀ wọn lẹ ṣe gbà mí."

Ó jáde, ó wá dúró tì wá. Àwọn kan ń kùn pé ẹ̀tàn ni, pé mánéjà ló rán an. Ìyá Sàúdátù ló dá wọn lẹ́kun. Ó ní, "Ẹ yọ ti pé kó máa lọ kúrò nínú ohun tí à ń béèrè. Ìsinmi ni ká béèrè." Bí ohun tí à ń jà fún ṣe yí padà nìyẹn, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ ni mánéjà gbà. Ìyá Sàúdátù padà sídìí agbada rẹ̀, ìsinmi gùn sí i, wọ́n sì ṣe bẹ́ǹṣì síbi àlùwàlá. Látìgbà náà, bàtà kò di ìjà mọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mánéjà ní kí Madam Bàtà máa lọ, torí pé ó gbè wá. Mo pe ìpàdé, mo ní ká tún jókòó síta nítorí rẹ̀. Gbogbo wọn ń wolẹ̀. Ẹnì kan ní, "Alága, ọ̀gá ni wọ́n, wọ́n á ríṣẹ́ míì." Òmíràn ní ta ló máa bọ́ ọmọ òun tí a bá tún daṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo ní kí wọ́n nawọ́, ọwọ́ tó dìde ò tó nǹkan. Ìyá Sàúdátù ò nawọ́. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, inú sì ń bí mi dòní. Ọkùnrin tí wọ́n fi rọ́pò Madam Bàtà kò tíì kí wa tán táwọn èèyàn wa ti ń pe òun náà ní amí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí a gbà ní géètì yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbà á padà lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹnì kan wà tó dúró tì wá, tí àwa ò dúró tì.

Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, mo lọ kí i nílé rẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá. Ó gbé àga fún mi, ó béèrè bóyá àwọn obìnrin ń wọ bàtà. Mo ní gbogbo wọn ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó béèrè ọmọ Ìyá Sàúdátù, mo sì sọ fún un pé ó yege. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Alága, nígbà tí wọ́n ní kí n máa lọ, kí làwọn obìnrin yẹn sọ?"

Mo fẹ́ pa irọ́ kékeré kan, ẹnu mi ò gbà á.

"Wọ́n ní ẹ máa ríṣẹ́ míì, mà."

Ó mi orí, ó sì dìde lọ bu omi wá fún mi.